Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí agbo ilé kan, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, tí kò ní ẹni tó ti lọ sẹ́yìn odi tàbí ẹni tó ń múra láti lọ. Bí ọmọ bá ń lọ, a máa ń gbàdúrà fún un, a máa ń dá owó jọ, a sì máa ń di gàrí àti èlùbọ́ sínú ẹrù rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi í: bí o bá débẹ̀, ta ni ìwọ yóò máa kí láàárọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi Thamesmead ṣe àpẹẹrẹ, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé. Àdúgbò yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ìlú tiwa, níbi tí ẹnì kan ti tẹ̀dó tí àwọn ẹbí sì tẹ̀lé e. Orí ìwé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ ọ sórí ilẹ̀ àbàtà lẹ́bàá odò Thames. Ọdún 1968 ni ẹbí àkọ́kọ́ kó débẹ̀. Nítorí omíyalé ńlá ti ọdún 1953, wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa sùn ní ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n sì ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè láti ilé dé ilé. Wọ́n wa adágún omi, wọ́n gbin igi. Gbogbo èyí ni wọ́n rò tán. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yà sórí ìwé ni ìwà aládùúgbò.

Ní oṣù Kejì ọdún 1991, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kan pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15 tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní Thamesmead yìí kan náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá wọn jáde sójú pópó. Bí ọmọ wa bá ń rìn níbẹ̀ lónìí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kó rántí pé àwọn kan ló sunkún kí ọ̀nà náà tó là.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta la ní fún ẹni tó ń lọ. Èkínní, máa béèrè. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí? Ike wo ni ti bébà, èwo ni ti oúnjẹ? Ènìyàn mélòó ni òfin gbà nínú yàrá? Káńsù láṣẹ láti dá sí ariwo tó bá pọ̀ jù, pàápàá láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá fi ẹjọ́ ìṣọ́ òru rẹ sùn, má pè é ní inúnibíni.

Èkejì, gba ìwé. Láti ọdún 2007, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí onílé tó bá gba owó ìdógò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ayálégbé fi owó náà pamọ́ sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá igun yàrá lọ́wọ́ ojúlùmọ̀ lè máà rí ààbò yẹn. Arábìnrin kan láti àgbègbè wa san owó oṣù mẹ́ta fún ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba rìsíìtì. Kò pé oṣù kan tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde lóru. Kì í ṣe òyìnbó ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta, má fi sọ́ọ̀ṣì ṣe odi. Ó dára kí o bá àwọn ará wa jọ́sìn, ṣùgbọ́n mọ orúkọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ. Lọ sípàdé àwọn ayálégbé. Nígbà tí Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ owó nìkan ni ẹ ó máa torí rẹ̀ pè é. Ẹ béèrè bó ṣe sùn, ẹ béèrè ta ni aládùúgbò rẹ̀.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán lọ́dún 2011, àlejò ń wọlé tọ̀ wá. Ṣé iye tí à ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú la ń gbà lọ́wọ́ wọn? Bí Tápà, Íbò tàbí Fúlàní bá yá yàrá nílé wa, ṣé a ń fún un níwèé? Bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ṣé òun kọ́ la ń kọ́kọ́ fura sí?

Àwọn àgbà Èsìẹ́ máa ń sọ pé àlejò tó ti òkèèrè wá ni àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ìtàn ni. Ṣùgbọ́n àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí, tí kò sì rí ẹni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òkúta. Bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọmọ wa lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ níbí.