Ta Ló Pa Owó Òṣìṣẹ́ Tó Kú Tì?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítìrì láti Oko Ọba títí dé Ọba Akran n'Íkẹjà ló fi ẹbí sílẹ̀ nílé wá Èkó. Àbò tí òfin ṣe fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kò kéré. Abala 4(5) Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí onítọ̀hún ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù, ₦3,600,000 ló tọ́ sí àwọn tó fi sílẹ̀ bó bá kú. 

Ọ́fíìsì ni ìwé ìnṣọ́ránsì yìí máa ń wà. Opó lè gba owó ìsìnkú, kó dúpẹ́, kó padà sí Ṣakí, kó má mọ̀ pé owó kan tún kù. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá kógbá sílé, ta ni yóò bi? Nígbà tí Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008, ṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ fọ́n ká.

Kí ni òfin sọ nípa owó tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè? Òfin Ìṣúná 2020 ní kí èrè ìpín ìdókòòwò àti owó báńkì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́fà lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó ṣì lè béèrè rẹ̀. Kò dárúkọ owó ìnṣọ́ránsì. Ní Kẹ́ńyà, òfin ọdún 2011 dárúkọ rẹ̀: bí ọdún méjì bá kọjá lẹ́yìn tó yẹ kí wọ́n san án, owó àpatì ni.

Bí Nàìjíríà yóò bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ka ọdún láti ọjọ́ ikú. Ẹni tí kò gbọ́ nípa owó kò lè pa á tì. Lóòótọ́, kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò jókòó lé owó olówó títí ayé, ṣùgbọ́n kó tó di ti ìjọba, kí wọ́n fi hàn pé àwọn wá ajogún: wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n kọ lẹ́tà sí ìlú rẹ̀, wọ́n kéde orúkọ olóògbé lórí rédíò. New York ti fi dandan lé e pé kí àwọn adójútòfò máa fi ìwé wọn wé àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kú. NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, àti PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn jù: kí ẹ̀dà ìwé náà dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó fi ṣe ajogún nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà láàyè.