Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Amukòkò Lọ sí Òkè Ìdànrè
Ilẹ̀ Amukòkò wa ní Èkó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè dàgbà láìgun ibi gíga kankan yàtọ̀ sí afárá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa pé kí ìrìn-àjò ìparí ọdún má mọ sí etíkun nìkan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n máa gùn, àmọ́ ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Lókè ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́, ilé ẹjọ́, ilé-ẹ̀kọ́, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìdànrè, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu (ọmọ wo ni kò ní fẹ́ dán ìyẹn wò?). Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Òkúta ni odi wọn, bí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ṣe dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá láti 1830. Ayé mọ iyì irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀: àwọn òkè Aïr nínú aṣálẹ̀ Niger ti wà nínú ìwé ohun-ìní àgbáyé UNESCO láti 1991. Ìdànrè tiwa ṣì wà lára àwọn tó ń retí àtiwọ ìwé náà láti 2007, ó sì ń dùn mí. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ kò kéré. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dá a díẹ̀díẹ̀ láti sáà kìíní, kí wọ́n sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí òjò máa ń mú kí òkúta yọ̀.