Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Òṣùwọ̀n Òdodo Wọn Alhájì Jákàńdè



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ajégúnlẹ̀, iyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tin Can. Àwọn kan ní kò tíì sí gómìnà tí ó dà bí Alhájì Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè. Ẹnì kan dáhùn pé: “Ẹni tí ó bá Abacha ṣe ìjọba ńkọ́?” Wọ́n ní, “Àfáà, ẹ bá wa dá a.” Èsì mi nìyí.

Akọ̀wé ìròyìn ni Jákàńdè, ó sì ti ṣe olóòtú Nigerian Tribune. Ní 1963 a rán an lọ sẹ́wọ̀n nínú ẹjọ́ ìdìtẹ̀ tí ó kan Olóyè Awólọ́wọ̀. Ó jáde ní 1966. Ní October 1979 ó di gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà náà, àwọn ọmọ kan ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án, nítorí àyè kò tó. Ó kọ́ ilé-ìwé púpọ̀, ó sì fi òpin sí èyí. Àwọn alátakò pe ilé náà ní ilé adìẹ, ṣùgbọ́n nínú “ilé adìẹ” náà ni ọmọ aláàárù ti kàwé láìsan owó ilé-ìwé. Ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Amùwò-Ọ̀dọ̀fin, Òkè-Àfá àti ibòmíràn.

Èyí tí ó kan àwa jù ni ọkọ̀ ojú irin. Jákàńdè dá ètò Metroline sílẹ̀. Ológun gba ìjọba ní December 31, 1983. Ní 1985 ìjọba Ọ̀gágun Buhari wọ́gi lé e, owó Èkó sì ṣòfò rẹpẹtẹ. Nígbà tí ó di January 24, 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di Ààrẹ, ni ó wá ṣí ojú irin láti Marina dé Mile 2. Jákàńdè kò rí i; ó ti kú ní February 11, 2021, lẹ́ni ọdún 91.

Ta ni ó san gbèsè ọdún 38 náà? Ìyá alátẹ ni, tí ó ń jí ní òru kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àwọn tírélà Tin Can má baà dá a dúró.

Ní ti Abacha, òótọ́ ni. Jákàńdè gba ipò mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé ní 1993. Ó ní àwọn aṣáájú, tí Abíọ́lá wà lára wọn, ni ó ní kí òun gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti Abíọ́lá mọ́lé ní 1994, Jákàńdè ṣì wà níbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ní pe dúdú ní funfun nítorí pé Mùsùlùmí ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó fi ìka tẹ òṣùwọ̀n, olè ni. Ẹ gbé ilé-ìwé náà lé e, ẹ gbé ọ̀ràn Abacha náà lé e, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò. Amánà ni ìjọba: ẹni tí ó bá ba iṣẹ́ rere jẹ́ nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mẹ̀kúnnù ni ó jà lólè.

Nítorí náà, bí àwọn olóṣèlú bá tún wá sí mọ́ṣáláṣí wa, kí a má bèèrè ohun tí wọn yóò fún wa nìkan. Kí a bi wọ́n pé: “Iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú yín wo ni ẹ óò parí?”

Kí Ọlọ́run forí ji Jákàńdè àti Buhari, kí Ó sì fi olùṣọ́ amánà jọba lé wa lórí. Àmín.