Ìwé Tí A Kò Ṣí

Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pinnu láti ka ìwé méjìlá kí ọdún tó parí. A ó ra ìwé, a ó tò ó jọ, eruku á sì bò ó. Òkìtì ìwé kì í sọni di ọ̀mọ̀wé.

Ìtàn àròsọ márùn-ún ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tẹ̀ jáde láti 1938 sí 1961. Ní 1955, ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, kí ọmọ àgbẹ̀ náà lè mọ̀wé kà. Ẹ má jẹ́ kí làálàá wọn já sí asán nínú ilé wa.

Bí a bá ń ka ojú ewé márùn-ún lálẹ́, ìwé olójú ewé 150 á tán ní ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù méjìlá, ìwé méjìlá! Bí a bá fo ọjọ́ kan, ká tẹ̀síwájú lọ́jọ́ kejì. Ẹ kà á sókè kí àwọn ọmọ gbọ́.

Èyí tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní kà, ẹ fún ọmọ aládùúgbò. Kò tọ́ kí ìwé máa sùn nílé wa ní Omífunfun, kí ọmọ ẹnìkejì wa máa wá ìwé tí yóò kà.