Ogbe Àkùkọ Tó Funfun: Ẹ Má Tíì Yọ Ọ̀bẹ, Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ayé

Àkùkọ inú agbo-ilé kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ lásán. Ní Ìtòkú, òun ló ń jí ìyá aládìrẹ tó fẹ́ tètè rẹ aṣọ. Ní Lafẹ́nwá, òun ni aago ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ ilé á ti sọ ọ́ lórúkọ, á máa jẹ àgbàdo lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ọkàn onílé fi ń dàrú lọ́jọ́ tó bá rí i pé ogbe àkùkọ òun funfun báláú, bí ẹni pa àtíkè.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ará ilé kan á ní ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. Èkejì á ní ṣọ̀pọ̀ná adìẹ ni, kí wọ́n yáa dúńbú ẹ̀. Ẹnì kẹta á sáré lọ bu ẹ́ńjìn-ọ́ìlì dúdú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹlòmíràn á tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò lé e lórí. Kò sí èyí tó bọ́ sí i nínú gbogbo ẹ̀.

Àìsàn yìí, àwọn dókítà ẹranko ń pè é ní favus. Ẹ̀yà làpálàpá ni. Irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu nígbà òjò náà ló ń hù lára ogbe, tí á fi yọ funfun ní kíún-kíún, tí á sì dì bí èépá. Bí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ó lè dé ojú àti ọrùn, kí ìyẹ́ orí máa re. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn kì í fẹ́ sí, ló fẹ́ràn jù. Adìẹ kan ń kó o ran èkejì nípa ìfarakanra. Ó ṣọ̀wọ́n kó mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí, nítorí náà kí ọmọdé yé gbé e mọ́ra títí ara ẹ̀ á fi yá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bó bá jẹ́ eérú tó yí mọ́ra ni, ìnujú lásán á nù ún kúrò. Bó bá jẹ́ kókó tó di èépá dúdú, ṣọ̀pọ̀ná adìẹ nìyẹn. Ẹ̀fọn ń gbé e kiri, kò sóògùn tó ń pa á, àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, wọ́n ń ṣe é ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ṣùgbọ́n bí ogbe bá wú, tó dúdú bí aró, tí adìẹ sì ń kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tà á, ẹ sáré pe dókítà ẹranko. Ó lè jẹ́ fúlúù adìẹ, irú èyí tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láti Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 2006.

Tó bá jẹ́ làpálàpá ni, ẹ ya àkùkọ náà sọ́tọ̀. Ẹ fi náílọ́nù bọwọ́. Ẹ ki àkísà rírọ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ, kí ẹ fi rin èépá náà títí á fi rọ̀, kí ẹ rọra nù ún. Ẹ má fi èékánná tàbí abẹ ha á, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ogbe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jó àkísà náà níná.

Tó bá gbẹ, ẹ fi ìpara clotrimazole tàbí miconazole ra á fẹ́ẹ́rẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má kàn án lójú. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró níjọ́ tí funfun bá kọ́kọ́ lọ, tí á tún padà wá. Ẹ máa pa á fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì dáadáa o, nítorí ìpara àlùpọ̀ tí oògùn tó ń bó ara wà nínú ẹ̀ lè mú kí làpálàpá gbilẹ̀ sí i. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò kì í pa làpálàpá rárá. Karosíìnì àti ẹ́ńjìn-ọ́ìlì á kàn jó ara ẹ̀ ni.

Oògùn nìkan ò tó. Ẹ gbá ilé adìẹ mọ́, ẹ fọ igi tí wọ́n ń bà lé àti abọ́ omi wọn, ẹ sá wọn sóòrùn. Ẹ má pa àkùkọ náà jẹ tàbí tà á nígbà tó ṣì ń lo oògùn lọ́wọ́.

Bí kò bá lọ, kí ará Abẹ́òkúta gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, lọ́nà Alábàtà. Ẹni tó bá sì ra adìẹ tuntun lọ́jà, kó dá a so fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dà á pọ̀ mọ́ tilé. Owó okùn kò tó owó àkùkọ.