Àtẹ̀jíṣẹ́, Àmì Ohùn àti Àpò Tí Kò Gba Ọmọ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa tún ọ̀rọ̀ tí kò dán mọ́rán ṣe kí ó tó dé etí ẹni tí a rán an sí. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ìdàkejì òwe yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ ọmọ ni a rán ẹ̀rọ, tẹrú ni ó fi ń jẹ́ ẹ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìsẹ̀-Èkìtì bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí alábòójútó rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì pé, 'Ise ti bere ni Ise', kí ni kí alábòójútó kà níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ni àbí ìṣẹ́? Lẹ́tà mẹ́ta péré ni i, s, e, ṣùgbọ́n iṣẹ́, ìṣẹ́, ìṣe àti orúkọ odindi ìlú ni ó fara pamọ́ sábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa di ẹ̀bi èyí ru ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Jẹ́ Iṣẹ́

Ẹ̀rọ kì í gbé lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó ń gbé. Bí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé bá fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí, yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀wọ́ nọ́ńbà, yóò sì fi lé módẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́. Lára àwọn nọ́ńbà tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan wà tí ó ń sọ irú àpò tí a di ẹrù sí. Bí ó bá jẹ́ 00, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò gba bíìtì 7. Bí ó bá jẹ́ 08, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò gba bíìtì 16. Bíìtì 1,120 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà lápapọ̀. Ìdí nìyí tí àpò àkọ́kọ́ fi gba lẹ́tà 160, tí èkejì sì gba 70 péré.

Àwọn ará Yúróòpù ni ó ṣètò àpò àkọ́kọ́ náà. Wọ́n fi à, è, é, ì, ò àti ù sí i, nítorí pé èdè tiwọn ń lò wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ fi àwọn lẹ́tà Gíríìkì bíi Δ àti Ω kún un. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, 'ìlù' lè wọlé, 'ilé' lè wọlé, ṣùgbọ́n 'ọmọ' kò lè wọlé.

Bí ọ kan ṣoṣo bá ti wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò bọ́ sínú àpò kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó ní lẹ́tà 150, tí ìbá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan, yóò di mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé 67 péré ni apá kọ̀ọ̀kan ń gbà nígbà tí a bá pín in. Owó apá kọ̀ọ̀kan sì ni a ń san. Èyí tí ó tún burú ni pé lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ń gba àyè méjì. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó wà nínú 'ọ̀rọ̀', àyè márùn-ún ni ó ń gbà.

Ìlù Sàn Jù Ú Lọ

Dùndún náà ń gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ohùn ni ó ń gbé, kò gbé kọ́ńsónáǹtì. Síbẹ̀, onílù mọ àléébù ìlù rẹ̀, ó sì ń wá oògùn sí i: a máa fi oríkì àti àkànlò ọ̀rọ̀ fa gbólóhùn gùn títí tí àṣìgbọ́ kò fi ní sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ aláìlámì gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ó ju ohùn nù. Dípò kí òǹkọ̀wé sì fa ọ̀rọ̀ gùn bí onílù, ńṣe ni ó tún ń gé e kúrú.

Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn kan ní àmì èdè Yorùbá ló pọ̀ jù. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti jókòó lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ní 2001 ni fóònù GSM tó dé Nàìjíríà. Àlejò kì í dé kí ó sọ pé àga onílé ti pọ̀ jù.

Àpò náà kì í sì í ṣe òkúta tí kò ṣeé gbẹ́. Ní 2008, a fi àyè sílẹ̀ fún èdè Tọ́kì, ti Sípéènì àti ti Pọ́túgà. Lẹ́yìn náà ni a fi èdè mẹ́wàá tí wọ́n ń sọ ní Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ kún un. Yorùbá kò sí nínú àwọn mẹ́tàlá náà.

Òmíràn lè sọ pé WhatsApp ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí ń ka lẹ́tà síni lọ́rùn níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òbí tí ó wà ní oko Emùré pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò ní WhatsApp. Àwọn tí ó ní in pàápàá ṣì ń kọ Yorùbá níhòòhò, nítorí àṣà tí ọ̀wọ́n àyè dá sílẹ̀ ti di bárakú.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe gba àkọtọ́ fóònù nínú ìwé ìdánwò àti àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ̀ka Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní títẹ àmì lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, kí ó má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan. Kí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá sì gbé ọ̀rọ̀ àpò náà lọ sí iwájú àjọ NCC, tí ó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwọn tí wọ́n ni èdè ni ó rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Àwọn ni ó yẹ kí ẹ̀rọ bẹ̀rù.