Nọ́ńbà Lára Ògiri: Ta Ló Ń Bọ̀ Wá Kanlẹ̀kùn?

Ìbéèrè kan rèé: tẹ́ ẹ bá jí lówùúrọ̀, tẹ́ ẹ rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ògiri ilé yín, kí ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí, àyà rẹ̀ á já. Ó mọ̀ pé kátákátá lè ti wà lójú ọ̀nà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Jẹ́dà kí n tó kọjá sí Mẹ́kà fún Úmúrà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ojú mi ò sì lè gbé jẹ́ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni pátákó kékeré tó wà lára àwọn ilé. Àdírẹ́sì Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń pe ètò náà. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Sáúdí ló ń bójú tó o. Nọ́ńbà ilé ní ẹyọ 4, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ní 5, nọ́ńbà àfikún ní 4, pẹ̀lú orúkọ òpópónà, àdúgbò àti ìlú. Tí ìyẹn bá gùn jù, ìkékúrú rẹ̀ wà: lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 4, ó parí. Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ so mọ́ ibì kan ṣoṣo lórí máàpù.

Mo ra wáyà fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ẹyọ 8 yẹn. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò pè mí rárá. Ilẹ̀kùn ló kàn. Nílé wa n'Íbàdàn ńkọ́? "Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà, yà sọ́wọ́ òsì. Tó o bá rí géètì aláwọ̀ ewé, ìyẹn kọ́ o, èyí tó tẹ̀ lé e ni." Lọ́jọ́ tí ìyá alákàrà ò bá jáde, àdírẹ́sì wa ti sọnù nìyẹn. Ẹ wá rò ó pé panápaná là ń júwe fún. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́?

Mo ń yin ètò yìí fún bàbá kan tí mo bá pàdé ní Mẹ́kà, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Jẹ́dà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣí Google Earth, kó o dá ọjọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùlé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá na ìka sí ọ̀kan: "Ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn." Mo tún fa ọjọ́ síwájú. Ilẹ̀ gbalasa.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 wọ ọdún 2022 ni ìjọba ìlú Jẹ́dà wó ọ̀pọ̀ àdúgbò, Ghulail, Petromin àti Bani Malik wà lára wọn. Àlàyé wọn ni pé àdúgbò tí kò létò ni wọ́n, àti pé àwọn fẹ́ tún ìlú kọ́. Wọ́n gbé orúkọ àdúgbò àti déètì jáde, wọ́n ṣí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì fún owó gbà-má-bínú. Onílé ni owó náà wà fún; bẹ́ẹ̀, àjèjì àti ayálégbé pọ̀ lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ẹ kó jáde.

Ohun tí èmi rí kọ́ nìyí: máàpù kì í yan ọ̀gá. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ àti ẹni tó ń wa kátákátá bọ̀ lè wo ojú ibì kan náà. Nínú dátábéèsì, ìlà kan ni ilé kan. Ta ló ń gbé inú rẹ̀? Ta la gbọ́dọ̀ sọ fún ká tó fọwọ́ kàn án? Tá ò bá fàyè sílẹ̀ fún ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Ó dáa náà, ká kúkú wà láìní nọ́ńbà." Rárá o. Ní Maroko l'Ékòó, lóṣù keje ọdún 1990, kò sẹ́ni tó ní máàpù lórí fóònù, kátákátá sì mọ ọ̀nà débẹ̀. Panápaná nìkan ni àìní àdírẹ́sì máa ń ṣì lọ́nà. Lọ́dún 2019, àwọn ọmọ Makoko kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi dróònù ya àdúgbò wọn, wọ́n sì gbé e sórí OpenStreetMap. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n máàpù kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbé sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. 774 ni wọ́n. Tí wọ́n bá máa ṣe é, èmi ò ní kí wọ́n má wo àwòkọ́ṣe Jẹ́dà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ayálégbé mọ́ onílé. Kí nọ́ńbà náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ panápaná àti ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kó tó dé ọ̀dọ̀ agbowó-orí. Tí ìjọba bá sì fẹ́ wó ibì kan, kí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́ ọ lédè tó yé wọn, kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń kó lọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ káńsù bá gbé ọ̀dà dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ fún un lómi mu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: "Ọmọ mi, nọ́ńbà tó o fẹ́ kọ yìí, ta ló ń bọ̀ wá kàn án?"